Fẹ́lóṣíìpù postdoc nínú yíyàwòrán ọpọlọ: kí ni wọ́n ń wò lára èèyàn gan-an?

Signal_Akin:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè mi lè gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ó kù díẹ̀ kí n parí PhD, ẹ̀ka ẹnjiníà ni mo wà, signal processing (yíyọ ohun tó wúlò kúrò nínú ariwo inú àmì tí ẹ̀rọ bá gbà) ni mo ń ṣe, kò kan ọpọlọ rárá rárá. Mo wá rí yunifásítì kan tó ń wá fẹ́lò postdoc (olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD) fún iṣẹ́ yíyàwòrán ọpọlọ, ọdún 2, wọ́n ní àwọn lè fi ọdún 1 kún un tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa. Ẹni tó mọ fMRI, MEG tàbí PET (ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ ọpọlọ: skánà onímágnẹ́ẹ̀tì ni fMRI ń lò, MEG ń gba agbára mágnẹ́ẹ̀tì tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń mú jáde, PET ń lo ohun onítànṣán) ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́, wọ́n wá fi kún un pé "tàbí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu". Ibi tí wọ́n fi kún un yẹn ló ń da ọkàn mi rú. Ṣé wọ́n ń wá irú mi lóòótọ́ ni àbí wọ́n kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n má wulẹ̀ dá wọn lóhùn, pé kí n lọ gba fẹ́lóṣíìpù tara mi. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì, ṣebí owó oṣù náà ni?

IyaVoxel:
Àbúrò, kọ̀wé sí wọn jàre. Irú ẹ gan-an ni wọ́n ń wá. Lọ wo lábù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí níbikíbi, wàá rí ẹni tó ka físíìsì, ẹni tó ka sáíkọ́lọ́jì, dókítà, oníṣirò, ẹni tó kàn mọ kóòdù kọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ka yíyàwòrán ọpọlọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí i, fMRI kì í rí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn máa ń ya lọ, ìyàtọ̀ tí ìyẹn ń mú bá mágnẹ́ẹ̀tì ni Seiji Ogawa àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàlàyé ní 1990 tí gbogbo wa ṣì ń jẹun lórí ẹ̀ títí dòní. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò mọ̀ ju pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ, ó máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 6 kó tó dé góńgó, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán tipẹ́tipẹ́. Fi mímí kún un, fi lílù ọkàn kún un, fi ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ kún un. Ta ló máa yọ ohun tá à ń wá kúrò nínú gbogbo ariwo yẹn tí kì í bá ṣe ẹni tó ka ohun tí o kà?

Àmọ́ má lọ lọ́wọ́ òfo o. Lọ sí OpenNeuro, ọ̀fẹ́ ni dátà ibẹ̀, mú èyí tó kéré níbẹ̀, gbé e gba inú fMRIPrep (ètò tó ń fọ dátà mọ́), ka ìròyìn tí MRIQC (ètò tó ń wo bí dátà ṣe dáa sí) bá gbé jáde dáadáa, kí o fi Nilearn (àkójọ kóòdù Python) ṣe àyẹ̀wò kékeré kan lé e, kó kóòdù ẹ sí GitHub. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé o ti fọwọ́ kan dátà ọpọlọ rí, líǹkì ni wàá fi dá wọn lóhùn. Kọ́ BIDS náà, ìlànà tí gbogbo èèyàn fi ń to fáìlì láti 2016, ó máa ń súni ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa ń yọ gbogbo lábù lẹ́nu.

GirantiHunter:
Owó oṣù kọ́ o Akin. Má wo ti "fẹ́lò" tí wọ́n kọ síbẹ̀, èyí tí o rí yẹn, ó jọ pé gírántì ọ̀gá lábù ló máa san án, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀gá ti ṣèlérí fún àwọn tó fún un lówó ni wàá máa ṣe. Fẹ́lóṣíìpù tara ẹ, ìwọ lo kọ àbá, orúkọ ẹ ló wà lórí owó, ó máa ń tàn lórí CV tí o bá ń wáṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn ọ̀la, o sì lè sọ fún ọ̀gá pé rárá, mi ò ní ṣe ìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́. Láti ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbá dé ọjọ́ tí o máa wọṣẹ́ lè tó ọdún kan, àwọn tí wọ́n sì ń dá padà pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń mú lọ.

Èyí tó bá ẹ lára mu jù lójú mi ni fẹ́lóṣíìpù Cross-Disciplinary ti HFSP (Human Frontier Science Program, àjọ àgbáyé tó ń fi owó ran ìwádìí lọ́wọ́), torí ẹni tó gba PhD nínú físíìsì, ẹnjiníà, ìṣirò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún kó lè kọjá sí ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ọdún 3 ni, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn yàtọ̀ síbi tí o ti gba PhD. Fẹ́lóṣíìpù Marie Skłodowska-Curie náà wà ní Yúróòpù, wọn ò wo orílẹ̀-èdè tí o ti wá, oṣù kẹsàn-án ni gbèdéke rẹ̀ máa ń bọ́ sí, ẹni tó bá sì ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke, kó má wulẹ̀ yọra ẹ̀ lẹ́nu. Jámánì ní ti Humboldt, ìgbàkígbà lo lè fi ìwé sílẹ̀ tí PhD ẹ ò bá tíì ju ọdún 4 lọ. Ní Amẹ́ríkà, F32 ti NIH (àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba ibẹ̀), ọmọ onílùú àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú nìkan ni wọ́n ń fún, K99 ni ẹni tó wá láti ìta lè gbà, kò sì gbọ́dọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ nídìí postdoc.

Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ ò sọ fún ẹ ni pé o lè gba iṣẹ́ yìí kí o sì jókòó síbẹ̀ kọ àbá tìẹ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Psych_Lara:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì rí kí ẹnì kankan bi: dátà dà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọdún 2 ò jẹ́ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí. Tí dátà ò bá tíì sí nílẹ̀, wàá kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa, wọ́n á dá a padà, wàá tún un kọ, wàá wá dán an wò lára èèyàn díẹ̀, ìgbà yẹn ni wàá rí i pé bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ nínú skánà ò bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, wàá tún ìyẹn ṣe, wàá wá àwọn olùkópa, àwọn kan á ní àwọn ń bọ̀ wọn ò ní yọjú, àwọn kan á dé wàá rí i pé irin wà nínú ara wọn tàbí pé ibi tóóró yẹn ń bà wọ́n lẹ́rù, àwọn tó wọlé náà, àwọn kan á mi orí títí dátà wọn á fi bàjẹ́. Kí o tó ṣẹ́jú pẹ́ ọdún kan ààbọ̀ ti lọ, o ò tíì kọ ìlà kan nínú pépà, ó sì ti tó àsìkò tí o gbọ́dọ̀ máa wáṣẹ́ míì.

Torí náà, kí o tó buwọ́ lu ohunkóhun, béèrè dátà tó wà nílẹ̀ tí ẹnì kankan ò tíì kọ pépà lé lórí, ta ló ni ín, ṣé ìwọ lo máa jẹ́ ọ̀ǹkọ̀wé àkọ́kọ́. Béèrè wákàtí skánà tó jẹ́ tìẹ àti ẹni tó ń san án, torí wákàtí wákàtí ni wọ́n ń gbowó ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, àkókò tó dáa sì ti lè jẹ́ ti àwọn aláìsàn, kó ku alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ fún ẹ. Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí bi ni pé ṣé wọ́n máa pààrọ̀ skánà tàbí ṣe upgrade ẹ̀ láàárín ìgbà tí o bá wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe é, ibẹ̀ lè tì fún oṣù mélòó kan, dátà tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó bá tẹ̀ lé e ò sì ṣeé dà pọ̀ gbuurugbu bẹ́ẹ̀.

Tí wọn ò bá ní dátà, ìyẹn ò ní kí o sá o. Àwọn àkójọ dátà ńlá wà tí o lè béèrè fún: Human Connectome Project ní tàwọn ọ̀dọ́ bíi 1,200, ABCD bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 9 sí 10 tí wọ́n tó nǹkan bíi 11,800 ní Amẹ́ríkà, UK Biobank ti ya àwòrán ọpọlọ 100,000 èèyàn báyìí. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí wọn nígbà tí o bá ń dúró de skánà, àmọ́ tètè bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù, torí àwọn míì nínú wọn, yunifásítì ló máa buwọ́ lù ú, kì í ṣe ìwọ.

Tola_MEG:
Lara, mo gbà pẹ̀lú ẹ dé ìdajì. Ẹni tó bá fi gbogbo postdoc jókòó ti dátà tó dáwùnlóòdù, tí wọ́n bá gbé lábù fún un lọ́la, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn wọ inú skánà. Àwọn ohun tó ń bàjẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Mo mọ èèyàn tó mọ gbogbo kóòdù tán tí kò mọ̀ pé olùkópa ti sùn lọ nínú ẹ̀rọ, ó wá ń kọ pépà lórí "àfiyèsí".

Psych_Lara:
😂😂 Tola o ò dáa. Ó dáa, kó ṣe méjèèjì. Àmọ́ kó má dá gbára lé èyí tí kò tíì sí nílẹ̀, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ade_Tesla:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti skánà. "A ní 7T" (T ni tesla, ìwọ̀n agbára mágnẹ́ẹ̀tì skánà) ni gbogbo wọn máa ń fi ṣe fáàrí nínú ìpolówó, àwọn ọmọ tuntun á sì máa sáré lọ. Òótọ́ ni, signal ẹ̀ lágbára ju ti 3T lọ, o lè rí ìpele ìpele inú èèpo ọpọlọ, ohun tó dùn ún wò ni. Ṣùgbọ́n àwòrán máa ń lọ́ níbẹ̀ ju ti 3T lọ, apá ìsàlẹ̀ iwájú orí lókè ihò imú àti ẹ̀gbẹ́ ihò etí, ibi tí afẹ́fẹ́ àti ẹran ara ti pàdé, signal ibẹ̀ máa ń pòórá, àwọn kan á ní òòyì ń kọ́ wọn, irin inú ara tí wọ́n gbà láyè ní 3T, wọ́n lè má gbà á ní 7T. Tí ìbéèrè ẹ bá jẹ mọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ lóríṣiríṣi, kí lo fẹ́ fi 7T ṣe?

Èmi, ohun tí mo máa bi wọ́n ni pé ṣé onífísíìsì MR wà nílé tí mo lè kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ṣé yunifásítì sì ní àdéhùn ìwádìí pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Tí àdéhùn yẹn ò bá sí, o ò lè fọwọ́ kan kóòdù sequence (ìlànà tó ń sọ fún skánà bó ṣe máa ya àwòrán), ohun tí wọ́n bá gbé sórí kọ́ńsólù ni wàá lò. Fún ẹni tó jẹ́ ẹnjiníà bíi tìẹ, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Kí o tún bi wọ́n ta ló ń ya èèyàn, ṣé teknísíànì ni àbí wọ́n máa dá ìwọ fúnra ẹ lẹ́kọ̀ọ́. Mágnẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kì í kú, lóru, lọ́jọ́ ìsinmi, tí ẹnì kankan ò bá sí níbẹ̀ pàápàá, tan ló wà, torí náà ibi tí wọ́n bá ti ń sọ fún ẹ pé "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò pọ̀, wàá mọ̀ ọ́n tó bá yá", èmi ò ní gbàṣẹ́ níbẹ̀.

Dokita_PET:
Ẹ má gbàgbé àwa o, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé MRI nìkan ló wà láyé. Akin, tí iṣẹ́ náà bá ní PET nínú, béèrè bóyá cyclotron (ẹ̀rọ tó ń ṣe ohun onítànṣán tí PET ń lò, bíi carbon-11) wà nínú ọgbà yunifásítì. Carbon-11 á ti dín sí ìdajì láàárín bíi ìṣẹ́jú 20, ẹ ò lè máa gbé e rìn káàkiri, ibi tí kò bá ti sí cyclotron, fluorine-18 tó máa ń tó ìṣẹ́jú 110 kó tó dín sí ìdajì ni wọ́n á máa gbé mọ́tò wá fún yín, ìyẹn sì ti pinnu ohun tí ẹ lè wá nínú ọpọlọ àti èyí tí ẹ ò lè wá. Èèyàn tó ń kópa kì í pọ̀ torí owó àti torí ìtànṣán. Àmọ́ ìṣirò bí tracer (ohun onítànṣán ọ̀hún) ṣe ń wọlé tó sì ń jáde nínú ọpọlọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Ẹni tó mọ signal á rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ dáadáa.

Signal_Akin:
Ha, ẹ ṣeun gan-an ni ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń kó gbogbo ẹ̀ jọ. Mo fẹ́ kọ íméèlì sí ọ̀gá lábù náà kí n tó kún fọ́ọ̀mù, ẹ bá mi wò ó:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀wọ́n, inú mi dùn gidigidi láti kọ̀wé sí yín. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni ọpọlọ èèyàn ti máa ń yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ yín gbayì káàkiri àgbáyé, inú mi á sì dùn láti wà lára lábù yín. Mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára, mo tètè máa ń kọ́ nǹkan, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́. CV mi wà nínú íméèlì yìí."

Psych_Lara:
Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, àyàfi CV. Má bínú o. Íméèlì yẹn, o lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ẹja, kò ní mọ̀ pé òun kọ́ lo ń bá sọ̀rọ̀. Kọ ọ́ báyìí: mo ka pépà yín báyìí báyìí, mo rí i pé ẹ yọ àwọn olùkópa kan kúrò torí pé wọ́n mi orí, nínú PhD mi mo ṣiṣẹ́ lórí irú ariwo tó jọ ọ́, mo dán ọ̀nà náà wò lórí dátà OpenNeuro, líǹkì rẹ̀ nìyí, ṣé ẹ rò pé ó lè wúlò fún dátà yín. Ìlà márùn-ún, ó parí. Tí kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kún fọ́ọ̀mù bó dáhùn bí kò dáhùn.

IyaVoxel:
Lara ti sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé tí wọ́n bá pè ẹ́ fún íńtáfíù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi ẹ́ nípa èsì tí kì í ṣeé tún rí. Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Ní 2016, Eklund, Nichols àti Knutsson fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń fi ètò kọ̀ǹpútà SPM, FSL àti AFNI ṣe ìṣirò àkójọ voxel (ègé kéékèèké inú àwòrán ọpọlọ) lè mú kí èsì irọ́ yọjú dé 70% níbi tó yẹ kó jẹ́ 5%. Ní 2020, ẹgbẹ́ olùwádìí 70 gba dátà kan náà láti dán àbá 9 kan náà wò, kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà, èsì wọn ò sì bára mu lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹja tó ti kú tí wọ́n gbé sínú skánà ní 2009 tí ọpọlọ ẹ̀ "ń ṣiṣẹ́" torí pé wọn ò ṣàtúnṣe ìṣirò wọn náà wà níbẹ̀, ìyẹn gba ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2012. Tí o bá lè sọ ohun tí ìwọ máa ṣe kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tìẹ, o ti yàtọ̀ sí ìdajì àwọn tí wọ́n pè.

Tola_MEG:
Ọ̀rọ̀ íńtáfíù: má fi gbogbo àkókò ẹ sọ PhD. Wọ́n ti ka ìyẹn. Sọ ọ́ dé ìdajì, kí o fi ìyókù sọ ohun tí o fẹ́ ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àwọn ní, kí o dárúkọ ẹ̀rọ náà.

Lọ sí ojú ewé lábù wọn, wá orúkọ àwọn postdoc tó ti kúrò, wo ibi tí wọ́n wà báyìí, kí o kọ̀wé sí wọn ní kọ̀rọ̀. Bi wọ́n pé ó máa ń tó ìgbà wo láti ìgbà tí dátà bá parí sí ìgbà tí pépà á jáde, ṣé ọ̀gá máa ń ráyè pàdé wọn, ṣé ó jẹ́ kí wọ́n mú iṣẹ́ wọn dání nígbà tí wọ́n ń lọ. Má bi wọ́n ní íméèlì tí wọn ò bá fẹ́, ní kí wọ́n bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tí èèyàn ò ní kọ sílẹ̀ á sọ ọ́ lẹ́nu. Lábù tí kò bá sì kọ orúkọ ẹnì kankan tó ti kúrò síbẹ̀ rí, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún ẹ.

GirantiHunter:
Físà kíákíá kí n tó lọ sùn. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, J-1 (físà àlejò tó wá ṣe ìwádìí) ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa fẹ́ fún ẹ, ọdún 5 ni òpin ẹ̀ fún olùwádìí. Béèrè bóyá òfin pé kí o padà sílé fún ọdún 2 kàn ẹ́, torí tó bá kàn ẹ́, o ò ní lè bọ́ sí físà iṣẹ́ H-1B tàbí káàdì ìgbélùú láìkọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Tó bá sì jẹ́ owó fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń san, kì í ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́, bi wọ́n ní ti ìlera àti ìfẹ̀yìntì, torí ibòmíì wà tí fẹ́lò kì í ṣe òṣìṣẹ́ lójú òfin wọn, tí àwọn nǹkan yẹn á sì yọ ẹ́ sílẹ̀.

Signal_Akin:
Ẹ̀yin ará, ọ̀gá náà dáhùn o! Íméèlì tí Lara ní kí n kọ ni mo fi ránṣẹ́. Ó ní dátà wà nílẹ̀, EEG (iná mànàmáná ọpọlọ tí wọ́n ń gbà láti awọ orí) àti fMRI tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà lára àwọn èèyàn 40, postdoc tó gbà á ti lọ, kò sẹ́ni tó tíì lò ó torí ariwo tí skánà kó sínú EEG pọ̀ jù, wọn ò rí ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Ó ń béèrè bóyá mo lè wò ó. Ṣé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Mi ò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí.

Ade_Tesla:
Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kíá!! Iṣẹ́ ẹ nìyẹn, kò sí èyí tó tún máa jẹ́ tìẹ ju èyí lọ. Ariwo tí gradient (agbára mágnẹ́ẹ̀tì tí skánà ń yí padà kíákíá láti ya àwòrán) ń dá sílẹ̀ máa ń ju EEG fúnra ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ bákan náà ló máa ń rí ní gbogbo TR (àkókò tí skánà fi ń ya odindi ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan), ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe àpapọ̀ ẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èyí tó le ni ti lílù ọkàn, torí ìyẹn kì í jọra láti ìgbà dé ìgbà. Kí o tó ṣèlérí ohunkóhun, bi í ní nǹkan méjì: ṣé wọ́n so aago ẹ̀rọ EEG mọ́ aago skánà nígbà tí wọ́n ń gba dátà, ṣé wọ́n sì gba ECG (àkọsílẹ̀ lílù ọkàn) àwọn olùkópa pẹ̀lú ẹ̀. Tí aago ò bá bára mu, yíyọ ariwo gradient ò ní mọ́ tán. Tí kò bá sì sí ECG, iṣẹ́ ẹ pọ̀ sí i nìyẹn, wàá máa wá lílù ọkàn nínú EEG fúnra ẹ̀. Ní kó fi ti ẹnì kan péré ránṣẹ́ sí ẹ ná, láìsí orúkọ ẹni náà nínú ẹ̀, kí o wò ó.

Signal_Akin:
Mo ti kọ ọ́ báyìí. Ó ní ECG wà, ti aago ni kò dá òun lójú, òun máa wo ìwé tí postdoc yẹn fi sílẹ̀.

Ade_Tesla:
Ní kó má wo ìwé. Kó ṣí fáìlì, kó ka iye sample (ìwọ̀n ẹyọ ẹyọ tí ẹ̀rọ EEG gbà) tó wà láàárín àmì TR kan sí òmíràn. Tó bá jẹ́ iye kan náà ni jálẹ̀, aago bára mu. Tó bá ń fi ẹyọ kan yàtọ̀ sókè sódò, ẹ padà wá síbí.